Ọjọ́ Orí Àwáwù

Abẹ́ agbòòrùn ni mo ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù,
èmi, kọ̀ǹpútà àlòkù, àti jẹnẹrétọ̀ tó ń wúkọ́.
Ìwé ìbúra ni mo ń tẹ̀ fáráyé:
orúkọ tó yí padà, káàdì tó sọnù,
ọjọ́ orí ẹni tí ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i.

Nígbà tí bàbá Àwáwù dé láti Òkèlele,
ó ní, "Kọ méjìdínlógún."
N ò wojú ọmọ. Mo wo bébà.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Mo tẹ̀ ẹ́.
Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n so yìgì.
Wálì sọ̀rọ̀, àwọn ẹlẹ́rìí gbọ́,
wọ́n ka sàdáàkì sí i lọ́wọ́,
wọ́n ní ó ti dàgbà nìyẹn.

Oṣù keje, òun nìkan ló padà wá,
oyún ti yọ díẹ̀ lábẹ́ híjáàbù.
Ó ti gbé sàdáàkì rẹ̀ lọ sí báǹkì;
báǹkì ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ sọ pé mẹ́rìndínlógún,
ọmọdé ni, kó lọ mú alágbàtọ́ wá.
Bàbá ní òun ti yọwọ́, ó ti délé ọkọ.
Ọkọ wà ní Kàyámà, nọ́ńbà rẹ̀ kì í wọlé.
Nọ́ọ̀sì ní kí àgbà kan wá buwọ́ lùwé.
"Àgbà wo? Ṣebí wọ́n ní èmi náà ti di àgbà?"
Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ padà sí iléèwé,
ọ̀gá wọn ní, "Ìyá ọmọ kì í jókòó ní kíláàsì."

Ìyá rẹ̀ ń mọ ìkòkò ní Dada.
Ó mọ̀ pé bó ti wù kó dán tó,
amọ̀ tí ò tíì wọ iná,
bí o bá bu omi sí i, á padà di ẹrẹ̀.
Ó mọ̀ ọ́n. Wọn ò bi í ni.

Lọ́yà ọ̀dọ́ kan tó ń dúró de ẹ̀dà ìwé rẹ̀
ní ó wà nínú òfin ilẹ̀ wa o, ìwé òfin ńlá gan-an:
obìnrin tó bá ti wà nílé ọkọ, àgbà ni,
bí ọjọ́ orí rẹ̀ ò tiẹ̀ tíì pé.
Àwáwù sún mọ́ ọn. "Àgbà fún kí ni?"
Lọ́yà họ orí.
"Bó bá fẹ́ kọ Nàìjíríà sílẹ̀."

Kò lè dìbò,
kò lè dá nìkan fi owó ara rẹ̀ pamọ́,
ilẹ̀kùn tó jáde kúrò nílé nìkan ni kò nílò ẹlẹ́rìí.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.
Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi:
"Bàbá Kọ̀ǹpútà, mélòó lẹ máa kọ fún mi lónìí?"

N ò tẹ nǹkan kan. N ò gbowó.
Ó tọrọ bébà òfìfo kan, ó ká a, ó lọ.

Mo wá fáìlì àtijọ́ náà jáde: méjìdínlógún.
Mo ní kí n pa á rẹ́.
Ẹ̀rọ bi mí bóyá ó dá mi lójú.
Lọ́jọ́ tí mò ń tẹ̀ ẹ́, kò bi mí.