Ìlà Mẹ́ta fún Àbà Akínjagunlà

Ọmọkùnrin tí wọ́n rán wá láti ìjọba ìbílẹ̀
mú fọ́ọ̀mù kan lọ́wọ́, ó ki bírò bọ etí.
Ìlà mẹ́ta péré ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wa:
orúkọ abúlé, iye ènìyàn, ohun tí wọ́n ń ṣe jẹun.
"Tíṣà," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ó gùn."

Mo ní kó jókòó. Mo bu omi fún un.
Orúkọ wa, mo ní, kì í ṣe èyí tó wà lára pátákó yẹn.
Ẹni tó kun pátákó náà ò gbọ́ èdè wa,
ó gé Akínjagunlà sí méjì,
òjò sì ti jẹ ìdajì tó kù.

Kọ ọ́ pé, bí èèyàn bá ti Oǹdó bọ̀, tó dojú kọ Àkúrẹ́,
kó tó dé afárá Ọwẹnà,
ọ̀nà pupa kan yà lápá ọ̀tún
nídìí ìrókò tí àrá sán pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
tí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì ń rúwé.
Ọ̀kadà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹsẹ̀ lásìkò òjò.
Lókè ibẹ̀, gbójú sókè:
àwọn àpáta Ìdànrè ń wò wá láti òkèèrè
bí àgbà tó gbọ́ ìjà, tí kò fẹ́ dá sí i.

Ilé mẹ́tàlélógójì.
Mẹ́sàn-án nínú wọn, ìtàkùn ló ń gbé ibẹ̀.
Kọ Ìyá Akínṣẹ̀yẹ,
tó ń sá kòkó sórí ibojì ọkọ rẹ̀,
torí símẹ́ńtì ibẹ̀ ló tẹ́jú jù lábúlé.
Ó ní ọkùnrin náà fẹ́ràn òórùn kòkó.
Kọ Adákọlé, ọmọ Àgátú,
tó wá ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́fà
lọ́dún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn.
Àwọn ọmọ rẹ̀ ń pe iṣu ní usu,
wọ́n ń fi èdè Oǹdó bú ara wọn létí odò.

Ilé-ìwé: yàrá méjì, tíṣà kan.
Ògiri kan ti wó níbẹ̀.
Ojú ihò yẹn ni mo ti ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì.

"Ohun tí wọ́n ń ṣe jẹun ńkọ́?"
Kòkó ni.
Lọ́dún kan, rédíò sọ pé kòkó so wọ̀ǹtìwọnti ní Indonéṣíà.
Kó tó di Sátidé,
ẹni tó ń ra kòkó ti yọ owó wa kúrò lórí òṣùwọ̀n.
Àwọn ọmọ bi mí pé níbo ni Indonéṣíà wà.
Mo fi igi ya erékùṣù sílẹ̀ẹ́lẹ̀,
ọ̀kan, òmíràn, títí àgbàlá fi kún.
Jọláadé, tí kì í sọ̀rọ̀, nawọ́:
"Tíṣà, ṣé àwọn náà mọ̀ wá?"
Mo ní kí wọ́n lọ ṣeré.

Àtìgbà náà ni mo ti ń ro abúlé kan lọ́hùn-ún.
Ó ní láti ní ìyá kan tó ń wá ibi tó tẹ́jú,
àti tíṣà kan tó ń fi igi ya Nàìjíríà sórí iyẹ̀pẹ̀,
tí kò mọ ibi tí yóò fi Oǹdó sí.
Bóyá wọ́n ti rán ọmọ kan sí òun náà
pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, ìlà mẹ́ta.

Ọmọkùnrin náà wo aago ọwọ́ rẹ̀.
"Ó ku iye ènìyàn, sà."
Mo ní mẹ́tàléláàádọ́wàá,
ṣùgbọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́:
ìyàwó Adákọlé ti ń rọbí láti ìdájí.
Bírò nìkan ló ní.
Ó tẹ́tí sí ìhà ilé Adákọlé,
ó ki bírò padà sétí,
ó wá fa àga rẹ̀ wọ abẹ́ ìbòòji.