Ilẹ̀ Tí Kò Kan Ilẹ̀

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa agbégilódò,
Ìdànrè sí Èkó, Èkó sí Ìdànrè,
gẹdú lẹ́yìn mi bí òkú olówó tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè.
N kò bèèrè iye tí wọ́n ń tà á rí.
Iye epo ni mo mọ̀,
àti iye tí à ń jù sílẹ̀ fún àwọn tó dábùú ọ̀nà.

Lónìí mo dúró ní sọ́míìlì ojú ọ̀nà Òǹdó, ní Àkúrẹ́,
téèpù lọ́wọ́.
Èmi náà di oníbàárà.
Ojú tì mí díẹ̀.

Ọmọ wa ló fowó ránṣẹ́:
“Bàbá, ẹ bá mi yọ táìsì yẹn kúrò nílẹ̀.”
Àwẹ̀ró yọ̀ lórí rẹ̀ lóṣù Ẹrẹ́nà,
ìbàdí rẹ̀ kò tíì dárí jì í.
Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì là ń gbé, ní Alágbàka;
ohun tí à ń pè nílẹ̀,
àjà ẹlòmíràn ni.
Bí mo bá já ṣíbí sílẹ̀,
ìyá tó wà nísàlẹ̀ á wòkè.

Olúwatúyì tó ń ta pákó kéré sí àbígbẹ̀yìn mi.
Ó ń ṣí wọn síwájú mi bí ẹni ń ṣí aṣọ.
Tíìkì nìyí, àlejò tí ìjọba gbìn
tó wá ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ onílẹ̀.
Ọ̀pẹ̀pẹ̀ nìyí, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí epo tó dì.
Ìrókò ńkọ́?
Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ti sanwó èyí tó kù.
Mo wá fọwọ́ pa ọ̀kan tó dùbúlẹ̀ níkọ̀rọ̀,
ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n kójú mi tó mọ̀ ọ́n.
Apá ni.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún, mítà kan níbùú lóròó.
Mo ní, “Apá mi ò ká apá.”
Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Pálọ̀ wa jẹ́ mítà márùn-ún lọ́nà mẹ́rin. Ogún.
Akínlàjà káfíńtà ní ká fi méjì lé e fún àgékù,
nítorí pé ògiri ilé náà kò gún,
ẹni tó kọ́ ọ ló mọ ohun tó mu.
Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ń lọ ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá.
Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn páálí ìṣáná:
òjìlúgba ẹgbẹ̀rún, ó lé ẹgbàá.
A kò tíì dárúkọ ìṣó,
a kò tíì dárúkọ fáníìṣì,
Akínlàjà alára ń wo òkè, ó ń súfèé.

“Ṣó gbẹ?”
“Bàbá, ó gbẹ kanlẹ̀.”
Mo gbé ẹyọ kan séjìká.
Ha! Mo gbọ́ omi nínú ìwúwo rẹ̀.
Ọmọ yìí, ẹni tó ti fi mọ́tò gbé igi
nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn,
tó mọ èyí tó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn lórí òkè,
ṣé òun lo fẹ́ tà á fún?
Bí a bá tẹ́ èyí báyìí,
tí ọyẹ́ bá dé, á sún kúrò lára ara rẹ̀,
eyín á yọ láàárín rẹ̀;
tójò bá padà, á wú bí ẹni tí wọ́n bú.

Ó dákẹ́. Ó họrí.
“Oṣù mẹ́ta sí i, Bàbá.”
A já a sí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, kó máa gbé e pamọ́ lábẹ́ páànù.
Mo san ìdajì,
mo fi lẹ́ẹ̀dì kọ orúkọ mi sí ìdí pákó kọ̀ọ̀kan,
nítorí mo mọ sọ́míìlì.

Ó fi àgékù apá kan ta mí lọ́rẹ,
kò ju ìwé ńlá méjì lọ.
Àwẹ̀ró gbé e síwájú sítóòfù,
ó bọ́ bàtà, ó gun orí rẹ̀.
Ẹsẹ̀ kan ló gbà.
Wọ́n ní igi kan kì í dágbó ṣe;
mo wo obìnrin yìí tó dúró lẹ́sẹ̀ kan bí lékelèke,
tó ń ro ọbẹ̀.

“Ọ̀pẹ̀pẹ̀ tiwa ńkọ́?”
Mo ní, “Ó ń gbẹ.”