Ọ̀nà Ìpadà

Ní Alékúwodò, lẹ́yìn ilé búrẹ́dì,
a tú ìnjẹ́kṣọ̀n kúrò lára Pijó Bàbá Ọ̀jẹ̀wálé.
Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kú látìgbà òjò,
owó òmíràn sì ju owó ìfẹ̀yìntì oṣù mẹ́fà lọ.
Ọ̀gá mi Lásísì ra kábúrétọ̀ àlòkù,
ó fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ó fi ẹnu fẹ́ ihò rẹ̀,
ó ní, "Kásálí, ṣíná sí i."

Mo ṣíná.
Ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
ó tu èéfín dúdú sójú àwọn tó ń to búrẹ́dì,
epo wá ń ṣàn lórí kábúrétọ̀ bí ògì tó hó kọjá ọmọrí.
Mo sá. Ọ̀gá sá.
Bàbá Ọ̀jẹ̀wálé nìkan ni kò sá;
ó jókòó sórí táyà, ó ń họ irùngbọ̀n.

A tú fúlótì, a pààrọ̀ nídù,
a nu púlọ́ọ̀gì mẹ́rin tó rin gbindin bí ìlédìí ọmọ.
Ọjọ́ kejì, bákan náà.
Ọjọ́ kẹta, Ọ̀gá gbá mi létí,
àfi bí ẹni pé èmi ni mò ń ti epo jáde nínú táǹkì.

Wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.
Pọ́ńpù yẹn kò gbọ́ òwe.
Nílé ìnjẹ́kṣọ̀n tó ti wá, ogójì ni gééjì ń kà;
mẹ́ta péré sì ni ọ̀fun kábúrétọ̀ lè gbà.
Ta ló ń gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ
sẹ́nu ẹ̀rọ omi ìjọba pé kó mu ún?

Ọ̀gá ra régúlétọ̀, ó dè é mọ́ ọn.
Gééjì wálẹ̀ sí mẹ́ta, a pàtẹ́wọ́.
Kí n tó nu ọwọ́ tán ó ti di méje,
ó di mọ́kànlá,
pọ́ńpù ń ké lábẹ́ ọkọ̀ bí ewúrẹ́ tí okùn fún lọ́rùn.

Ìgbà náà ni bàbá dìde lórí táyà.
Ó lé ní ogún ọdún tó fi kó èédú sẹ́nu iná rélùwéè,
láti Òṣogbo dé Ọ̀fà, títí dé Jẹ́bà.
Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí,
èyí tí kò ráyè wọlé ńkọ́?
Ibo ni yóò gbà padà?"

Ọ̀gá wo ilẹ̀.
Mo fẹ̀yìn fálẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀, mo sì rí i:
páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dá epo padà sí táǹkì,
bọ́ǹtù kan dí i lẹ́nu.
Ọwọ́ Ọ̀gá ló dí i. Ó ní kábúrétọ̀ kì í lò ó.
Mo tú bọ́ǹtù náà. N kò sọ̀rọ̀.
A fi rọ́bà so régúlétọ̀ mọ́ páìpù,
a yí súkúrù díẹ̀, a dúró, a wò ó,
a tún yí i, kò tó ìdajì èékánná.
Gééjì gbọ̀n, ó jókòó sórí mẹ́ta,
ó sùn síbẹ̀.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí, ní Òkè-Baálẹ̀.
Bí ìbínú bá ń tì mí láti ẹ̀yìn,
tí ọmọ iṣẹ́ mi dúró níwájú mi pẹ̀lú ṣípáànà òdì lọ́wọ́,
mo máa ń wá páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kiri inú ara mi.
Lọ́jọ́ mìíràn mo máa ń rí i.
Lọ́jọ́ mìíràn, bọ́ǹtù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá wa Pijó rẹ̀ lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń dún wúyẹ́wúyẹ́.
Owó rọ́bà, ó ní òun ń bọ̀ wá san án.