Bátìrì Tó Ń Ṣọ́ Orúkọ

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Bàbá Oyètóró gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Tákíè,
kì í ṣe àpótí rẹ̀ o, ikán ti jẹ àpótí tán,
bọ́ọ̀dù nìkan, tí wọ́n fi àpò sìmẹ́ǹtì wé bí ẹni wé ẹja,
tí wọ́n gbé lé itan nínú kẹ̀kẹ́ Máruwá láti Arówómọlé.
"Géèmù ni," wọ́n ní. "Jọ́ọ̀sì la ti ń fi í ṣòwò,
kọ́bọ̀ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ a sì tò bí ẹni ń pọnmi."

Mo taná sí i.
Ìlà pupa, ìlà aláwọ̀ ewé,
wọ́n ń rìn lójú tẹlifíṣọ̀n bí ìjàlọ tí òjò ká mọ́nà.
Ó ṣẹ́jú, ó kú.
Ó tún jí, ó ṣẹ́jú, ó tún kú.

Ajá kan máa ń wà nínú irú bọ́ọ̀dù báyìí,
ọ̀gá mi Gbádégẹṣin ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀:
bí iṣẹ́ bá ti dojú rú, á gbó,
á ní kí gbogbo ilé padà sí ìbẹ̀rẹ̀.
Ajá tèyí ò sinmi.
Ṣùgbọ́n a kì í na ajá. Olè la ó wá.

Mo gbé mítà. Níbi tó yẹ kí n bá márùn-ún,
mẹ́rin àti díẹ̀ ni mo bá. Ebi ń pa á.
Mo yí ṣúkúrù, ó di márùn-ún.
Síbẹ̀, ajá ń gbó.
Mo fi rọ́bà ìpawé ọmọ mi ha etí bọ́ọ̀dù títí ó fi dán.
Síbẹ̀.
Mo ń fìka kan ṣípù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá ṣe ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ:
èyí tútù, èyí lọ́ wọ́ọ́rọ́, èyí... yéè!
Mo yọ oníbà, mo gé arọ́pò rẹ̀ lára òkú bọ́ọ̀dù abẹ́ tábìlì.
Ìlà pupa lọ. Aláwọ̀ ewé ní òun ò ní í lọ.

"Bí ojú ò bá rí i, ran imú níṣẹ́." Ọ̀gá mi náà ni.
Mo tẹ imú bọlẹ̀.
Ẹja! Mo ti rò pé àpò sìmẹ́ǹtì ló ń rùn.
Bátìrì kan rèé ní igun, kò ju ìka ọmọdé lọ,
ó ti sunkún aláwọ̀ ewé,
omijé rẹ̀ sì ti jẹ ọ̀nà bàbà mẹ́ta.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi fọ ojú ibẹ̀.
Mo tú waya tó tín-ín-rín bí irun lára kọ́ìlì rédíò,
mo fẹ́ jó o pọ̀, NEPA múná lọ.
Mo ki irin sínú ẹyin iná obìnrin tó ń sunṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
Ó ní kí n má fi léèdì ba iṣu òun jẹ́.
Afárá kan. Afárá méjì. Ẹ̀kẹta jó mi níka.

Iná dé nírọ̀lẹ́. Ajá dákẹ́.
Ọkọ̀ kékeré kan yọ, ó ń yìnbọn sókè, ó ń ké tíì-tíì-tíì.

Bàbá ò tilẹ̀ wo ọkọ̀.
"Orúkọ ńkọ́?"
"Orúkọ wo, Bàbá?"
"Lẹ́tà mẹ́ta. L, A, Y. Òkè pátápátá ló wà.
Ọdún méje, kò sẹ́ni tó lé e kúrò.
Láyíwọlá, àbúrò mi.
Kò bá wa wọ lọ́rì tó gbé wa bọ̀."

Mo wo àkísà ọwọ́ mi.
Bátìrì yẹn ló ń ṣọ́ orúkọ.
Ó ṣọ́ ọ, ó ṣọ́ ọ, kò rẹ́ni wá wò ó,
ó bú sẹ́kún, ẹkún sì jẹlé.
Ta ni yóò sọ ìyẹn fún àgbàlagbà?
"Ó ti parẹ́, sà."

Wọ́n fa àpótí ìjókòó mọ́ra.
Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ọ̀tá fi pa wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Ṣùgbọ́n ojú ìwé ṣófo, ẹni tó bá ti dé ni olórí:
ó ní kí wọ́n kọ orúkọ.
L. Wọ́n kọjá A, mo ní kí wọ́n padà. A. Y.

Bátìrì tuntun ò sì tíì sí nílé.
Mo yá epo lọ́wọ́ onífọ́tò, mo tan jẹnẹrétọ̀ de NEPA,
mo ní, "Bàbá, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan,"
mo ki bàtà bọ ẹsẹ̀ òdì, mo sáré gba ọ̀nà Sábó.