Okùn Etí

Apá òsì ló kọ́kọ́ kú.
Mo fi òwú tí mo fi ń rán bàtà dì í lọ́rùn,
mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo ká a mọ́ ìka;
bí mo bá tẹ orí sọ́tùn-ún díẹ̀, tí n kò sì mira,
ó ń sọ̀rọ̀.
Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, apá ọ̀tún náà tẹ̀lé e.

Ẹ má bi mí pé kí ni arúgbó aránbàtà
lẹ́bàá Àkàbà Ìdènà ń fi okùn etí ṣe.
Fóònù mi ni aago mi, òun ni àtùpà mi lóru,
inú rẹ̀ ni gbèsè àwọn oníbàtà wà,
inú rẹ̀ náà ni Filomẹ́ẹ̀nì ń gbé, ọmọ mi,
tó ti wà ní Gàbọ́ọ̀nù láti ọdún mẹ́fà.
Kì í kọ̀wé. Ó mọ̀ pé ojú mi ò gbé lẹ́tà mọ́.
Ohùn ló ń fi ránṣẹ́, ìṣẹ́jú méjì, ìṣẹ́jú mẹ́ta,
bí kò bá sì sí okùn, gbogbo ìsọ̀ ló ń gbọ́ ọ.
Oní-sẹ̀míjàn tó ń dúró de bàtà rẹ̀ á ní,
"Bàbá, ṣé ọkọ rẹ̀ ò tíì padà ni?"
Ọ̀rọ̀ ilé mi wá di epo payò inú ìgò létí títì:
ẹni tó bá ń kọjá ló ń rí ibi tó kù sí.

Mo gba ọjà Asẹ̀nà lọ.
Rázákì tẹ́ wọn sórí páálí bí ẹja gbígbẹ:
ẹlẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fáráǹ,
ẹlẹ́gbẹ̀rún kan ààbọ̀,
àti èyí tí kò lókùn rárá, méjì, nínú àpótí funfun,
bí ẹyin àdàbà nínú ìtẹ́. Ẹgbẹ̀rún méje. Kò gbọ́ ẹ̀dínwó.
"Ẹ dán an wò, Bàbá. Orin wo lẹ fẹ́?"
Mo ní n kò fẹ́ orin.
Mo tẹ ohùn ọmọ mi, ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Nínú ẹlẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, inú agolo ni Filomẹ́ẹ̀nì wà.
*Ara mi le, Bàbá.* Bí ẹni tó fọwọ́ di imú.
Nínú ẹlẹ́gbẹ̀rún kan ààbọ̀, ó jáde sí gbangba:
mo gbọ́ òjò lórí páànù lẹ́yìn rẹ̀,
mo gbọ́ ṣíbí nínú ìkòkò.
*Ara mi le, Bàbá. Iṣẹ́ ń lọ.*
Mo ti fẹ́ sanwó. Rázákì ní, "Dídánwò kì í gbowó,"
ó ki ẹyin funfun méjì náà bọ̀ mí létí.
Ọjà pa lọ́lọ́.
*Ara mi le,* ó wí,
lẹ́yìn "le" yẹn, kó tó dé "Bàbá",
ó gbé nǹkan mì.

Bíńtín ni. Ó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ mi lọ.
Ẹni tí kò bá wà nílé lọ́dún tí ìyá rẹ̀ kú kò lè mọ̀ ọ́n.
Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbé ẹkún mì láti ọmọ ọdún méje;
a ó ní kó wá jẹun, á ní òun ti yó.

Mo yọ ọ́ létí. Ariwo ọjà padà wọlé.
Mo ka owó àpò mi lẹ́ẹ̀mejì:
ẹgbẹ̀rún méjì àti ọ̀ọ́dúnrún.
Rázákì ní kí n máa san án díẹ̀díẹ̀. Mo ní rárá.
Ẹlẹ́gbẹ̀rún kan ààbọ̀ ni mo mú. Ó yọ igba fún mi
nítorí sálúbàtà ìyá rẹ̀ tí mo tún ṣe nígbà Iléyá.
Ẹgbẹ̀rún tó ṣẹ́kù, ìpè ni mo fi rà.

Iná ti lọ láti ọ̀sán. Bátìrì ku ìlà kan.
Mo lọ jókòó lẹ́yìn ògiri amọ̀, níbi tí sẹ̀míjàn ò dé,
mo ki okùn tuntun bọ etí, ó ṣì ń rùn bíi rọ́bà,
mo pè é.
"Bàbá? Ṣé kò sí?"
Mo ní, "Kò sí nǹkan. Okùn etí ni mo rà,
mo ní kí n dán an wò.
Máa sọ̀rọ̀, má yára.
Bó o bá sì fẹ́ dákẹ́, dákẹ́.
Mò ń gbọ́."