Ẹ̀yìn Á Dára

Ìyá mi pè láti Òkè-Igbó láàárọ̀ Sátidé,
ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yìn rẹ á dára."
Mo wà gbalaja nílẹ̀ gáréèjì,
mo ṣe àmín, mo fọwọ́ pa ìbàdí.
Màmá ò mọ̀ pé ẹ̀yìn gan-an ló mú mi dùbúlẹ̀.

Ọmọlanke mi ló fà á.
Mi ò lè pè é ní tírélà, ojú á tì mí:
tírélà tí mo mọ̀ ń kó sìmẹ́ńtì gba Orè kọjá.
Irin àlòkù tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀ ojú omi ni mo fi ṣe ẹsẹ̀ èyí,
pákó fẹ́ǹsì tí ẹnì kan tú dànù ni mo tẹ́ sí i láyà,
iná ẹ̀yìn ọ̀tún kì í tàn bí òjò bá rọ̀.
Síbẹ̀ òun ló ń gbé oúnjẹ wọlé wa ní Selkirk,
látìgbà tí yìnyín bá ti yọ́
títí ewé á fi rẹ̀.

Pákó méjì ni mo fi ń gun un, ẹsẹ̀ mẹ́rin péré ní gígùn.
Ní Tọ́sìdé, ìrì sẹ̀ sí wọn lára.
Táyà yọ̀,
pákó kan fò sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n bú bàbá rẹ̀,
ẹ̀rọ tí ń gé koríko ń já bọ̀,
èmi náà ní kí n gbá a mú, igba kílò!
bí ẹni pé ọmọ ìkókó ló fẹ́ já láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Baba Kostyniuk ń wò mí lókè fẹ́ǹsì.
Ọdún méjìdínlógójì ló lò nídìí iná ìyọ́rin.
Ó ní, "Iṣẹ́ wo lo ń ṣe níbi tó o ti wá?"
Mo dákẹ́ díẹ̀.
Fisíìsì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún mọ́kàndínlógún.
Mo kọ ọ́ sí pátákó títí ṣọ́ọ̀kì fi kún imú mi:
bí ìdàgẹ̀rẹ̀ bá ṣe gùn tó,
bẹ́ẹ̀ ni agbára tí a ó lò yóò ṣe kéré tó.
Mo na Fọláyẹmí Aríyìíbí lẹ́gba mẹ́ta lórí gbólóhùn yìí.
Fọláyẹmí, níbi yòówù tó o bá wà, má bínú.

Baba náà ò rẹ́rìn-ín. Ó lọ gbé irinṣẹ́ ìjórin rẹ̀ wá.

A gé ọrùn ọmọlanke, mo dijú nígbà tí ayùn kàn án.
A fi bóòtù tó nípọn bí àtàǹpàkò dè é padà,
kó lè gbórí sókè, kó fìdí kanlẹ̀
bí ràkúnmí tí ń kúnlẹ̀ gba ẹrù.
Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn di ẹsẹ̀ méje, irin alásẹ́, kí ìrì máa jò kọjá.
Sípíríìn gáréèjì àlòkù la so mọ́ ọn,
tó fi jẹ́ pé Mobólúwadúró, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
fọwọ́ kan gbé e sókè, ó ń fi ìkejì jẹ bisikíìtì.

Nígbà tá a kọ́kọ́ dán an wò, a gbàgbé irin tí í mú un dúró.
Ó já lulẹ̀, gbàà!
Gbogbo ajá òpópónà gbó.

Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.
Ó ní ibì kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì olórí rogodo,
koríko ti bo orúkọ Olha ìyàwó òun,
orúnkún òun ò sì gbà á mọ́.

A jọ lọ ní Mọ́ńdè. Mo sọ ẹ̀yìn ọmọlanke kalẹ̀,
ẹ̀rọ rọra sọ̀ kalẹ̀,
mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú, bí a ti í mú arúgbó lọ́wọ́.
Ẹ̀fọn jẹ wá yó.
Baba ṣí fìlà. Mo pa ẹ̀rọ, mo fi ọwọ́ lásán fa ti ẹ̀gbẹ́ òkúta.

Nílé, fóònù tún dún.
"Ẹ̀yìn rẹ á dára."
Mo ní, "Màmá, ó ti ń dára."
Mi ò sọ èwo.