Bí Àáyá Ti Ń Ṣẹ́jú

Ọkọ̀ ojú omi àárọ̀ Ọjọ́rú ló gbé e dé láti Mokpo,
nínú páálí, láàárín àpò ìrẹsì àti àlùbọ́sà:
ẹ̀rọ tó ń ronú, kò ga ju àgé lọ,
ojú rẹ̀ méjèèjì ń tàn bí ojú ológbò lóru.
Ìjọba ní kó máa bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀.

Jẹ́lé-ó-sinmi là ń pe ibi iṣẹ́ mi,
àmọ́ ilé ti sinmi jù ní erékùṣù yìí.
Ìkọ́ aṣọ mẹ́tàlélógún lára ògiri,
ẹ̀wù òtútù mẹ́rin péré.

Mo bínú sí i, mi ò ní parọ́.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń nu imú ọmọ;
ṣé wáyà ni yóò wá kọ́ mi níṣẹ́ mi?
Mo gbé e sígun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn bàtà òjò.

Garam, ọmọ ọdún mẹ́rin, kì í dá mi lóhùn.
Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti sọdá lọ wáṣẹ́
ló ti panu dé bí ìṣáwùrú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn yòókù ń sùn,
mo gbọ́ ohùn ẹ̀rọ náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn:
"Garam, kí lò ń yà yìí?"
Kẹ́kẹ́ pa.
Kò tún un bi. Kò ní, "Àbí ẹja ni?"
Mo ń ka bí àáyá ti ń ṣẹ́jú:
ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀meje,
ó ṣẹ́jú kọkànlá kí ọmọ tó lanu.
"Ọkọ̀ ni. Màmá mi wà nínú rẹ̀.
Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí wa."

Èmi náà ti bi í bẹ́ẹ̀ rí, àìmọye ìgbà.
Àáyá kì í tíì ṣẹ́jú kejì
tí mo ti ń dá ara mi lóhùn.

Lálẹ́, fóònù mi tàn: ìjábọ̀ ẹ̀rọ,
gbogbo ohun tí Garam sọ, ẹ tẹ ibí kí ẹ kà á.
Mo rántí ìwé kékeré abẹ́ ìrọ̀rí mi
àti ìyá mi tó ń kà á sókè níwájú àlejò.
Èyí tí mo fetí kó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ti tó.
Ìka mi ò balẹ̀,
àmọ́ mi ò tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, orúnkún mi ń ké.
"Garam, kí nìyí?"
Mo pa ẹnu mi mọ́.
Àáyá ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú.
Malsun alásè yọjú, mo gbọ́wọ́ sókè sí i.
Ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà ń hó. Ẹyẹ òkun kan ké,
ó tún un ké bí ẹni tí kò rẹ́ni gbọ́.
Àáyá ṣẹ́jú.

Garam ki pẹ́ńsù pupa bọ̀ mí lọ́wọ́.
"Ẹ yà wọ́n kí wọ́n kọjú sí wa."

Mi ò mọ ojú yà dáadáa.
Láti ibi etí ni mo ti bẹ̀rẹ̀.